Ọdún Tí Ọ̀dà Kọ̀ Tí Kò Mú Irin Bákónì

Ariwo ẹsẹ̀ bàbá mi lórí pọ́ǹpù ni mo fi mọ ilé wa ní Ìkòròdú. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí oòrùn tó yọ dáadáa, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀ bá ti ń gbá àgbàlá, tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ ń ha ilẹ̀ ṣáá-ṣáá, ni èmi náà yóò ti máa gbọ́ ọ lórí ẹní mi: kìtì, fìì, kìtì, fìì. Kìtì ni ẹsẹ̀ bàbá mi tó ń tẹ pọ́ǹpù mọ́lẹ̀. Fìì ni atẹ́gùn tó ń gba inú rọ́bà gígùn kan lọ sínú ohun èlò tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ohun èlò náà ní kọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ń bu ọ̀dà sí, ó sì ní ibi tí ìka ti ń fà á bíi ti ìbọn, nítorí náà ìbọn la ń pè é. Bí bàbá mi bá fà á, ọ̀dà yóò tú jáde bí ìkùukùu, yóò bà lé irin jẹ́jẹ́, o ò sì ní rí ojú ìlà búrọ́ọ̀ṣì kankan lára rẹ̀. Làmídì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Làmídì Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Èkó ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe. Nígbà tó padà wálé, bẹ́ẹ̀dì onírin, kẹ̀kẹ́, géètì, irin ojú fèrèsé, kò sí èyí tí wọn kì í gbé wá bá a. Ògiri àgbàlá wa ní àwọ̀ oríṣiríṣi títí dé ibi tí ọwọ́ mi kò tó. Mo ti darúgbó báyìí, mo sì ti gbé ilé tó pọ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá jí, etí mi a kọ́kọ́ wá ariwo yẹn kí ojú mi tó là.

Ìyá mi, Ṣàbítìyú, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Bó bá ń rin ewùrà láti fi se ìkókorẹ́, ó máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bíi pé ẹnì kan jókòó tì í. Yóò ní ẹja tí wọ́n ń tà ní Ìkòròdú kò dùn tó ẹja ilé bàbá òun. Bàbá mi yóò dáhùn láti ìdí pọ́ǹpù rẹ̀ pé bí kò bá dùn, kí ó gbé ìkòkò náà tọ òun wá, òun yóò bá a fara dà á. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣeré. N kò mọ̀ pé eré ni nígbà náà. Mo rò pé gbogbo ilé ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, n kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìyá mi ti bí àbúrò mi ọkùnrin, Gàníyù, nígbà òjò, èmi ni mo sì máa ń pọ̀n ọ́n bó bá ń dáná. Ó sanra, ó wúwo lẹ́yìn mi, ó sì máa ń fi ẹnu tútù jẹ mí léjìká. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní àyà rẹ̀ ni, ó fún wọn ní òògùn olómi. Ìyá Ìsàlẹ̀ fi òrí pa á lára. Lọ́jọ́ kẹta, kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà dákẹ́ lórí itan ìyá mi.

Nígbà tí àwọn tó ń wá kí wa dín kù, ìyá mi di ẹrù rẹ̀ láti padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Ìyá mi kò pariwo. Ó kàn wò ó, ó ní, "Òórùn ọ̀dà yín ló pa á." Bàbá mi kò fèsì kankan. Ìyá mi fẹ́ mú mi dání, Ìyá Ìsàlẹ̀ sì ní ilé bàbá ọmọ lọmọ ń gbé, pé kí ó lọ sinmi, kí ó sì padà wá bá mi. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi kúrò náà ni bàbá mi kó pọ́ǹpù àti gbogbo agolo ọ̀dà rẹ̀ kúrò nílé. Ó pa àtíbàbà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìmọ́tà, níbi tí kò sí ilé nítòsí, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó máa ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé kó tó wọlé. Ilé wa wá dákẹ́. Ìgbálẹ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ láàárọ̀, mo sì máa ń fi aṣọ bo orí kí n má baà gbọ́ òun náà.

Bàbá ìyá mi ló ránṣẹ́. Bàbá Àgbà ti fi igi gẹdú ṣòwò nígbà tó lágbára, ó sì ti fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí ọ̀sà. Ọkọ̀ ló fi ọ̀rọ̀ rán, ọlọ́kọ̀ náà sì wá jẹ́ ẹ fún wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Bàbá ní irin bákónì àwọn ti dógùn-ún, kí àna àwọn wá bá àwọn kùn ún. Wọ́n ní kó mú ọmọ rẹ̀ dání." Bàbá mi béèrè bóyá ìyá mi sọ nǹkan kan. Ọlọ́kọ̀ ní òun kò rí ìyá mi. Ìyá Ìsàlẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ náà rò pé irin ni wọ́n ń pè ọ́ sí?" Lọ́jọ́ kejì, a gbé pọ́ǹpù sínú àpò, a kó agolo sínú agbọ̀n, a sì wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní ẹ̀bá ọ̀sà. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ bàbá mi. Àwọn Ìlàjẹ ń da àwọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán, omi ń ta sí wa lójú. Bí a ṣe kọjá Èjìnrìn, bàbá mi bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé, ó tún bọ́ ọ. Ó bi mí léèrè bóyá òórùn ọ̀dà wà lára òun. Mo gbóòórùn aṣọ rẹ̀, mo ní ọṣẹ nìkan ni. Irọ́ ni mo pa. Ó wà lára rẹ̀ díẹ̀, lábẹ́ ọṣẹ náà.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi bí aya ṣe ń kí ọkọ, kò sì gbójú sókè wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbá mi mọ́ra, tó sì fi imú sínú irun mi fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Àgbà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan. Ó fọwọ́ pa bàbá mi lórí níbi tó ti dọ̀bálẹ̀, ó sì mú un gòkè lọ lójú ẹsẹ̀ láti lọ fi irin hàn án. Irin bákónì náà dára púpọ̀. Ó yí iwájú òkè ilé ká, wọ́n lọ́ ọ bí ìtàkùn ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ẹ́ pupa, ọ̀dà àtijọ́ sì ń ré sílẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. "Fọwọ́ bà á wò," Bàbá Àgbà wí, ó gbé ọwọ́ bàbá mi lé e. "Ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Ara mi náà rí ṣákiṣàki, ìwọ̀n ìgbà tí ara tèmi bá ṣì wà láyé, mo fẹ́ kí tirẹ̀ dán." Fèrèsé yàrá ìyá mi kọjú sí bákónì náà gan-an. Bí bàbá mi ti ṣí agolo ọ̀dà àkọ́kọ́, mo gbọ́ tí fèrèsé náà pa dé, mo sì rí aṣọ tí ìyá mi ń fi ìka tì sínú àlàfo rẹ̀ láti inú.

Bàbá mi fi sáńpépà ha irin náà fún odindi ọjọ́ kan. Ó fi omi fọ eruku rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sì fọ́n ọ̀dà pupa tó máa ń wà ní ìpìlẹ̀ sí i. Mo dúró tì í, inú mi ń dùn nítorí ariwo pọ́ǹpù: kìtì, fìì. Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kò tíì dúró dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ihò róbóróbó kéékèèké ń là káàkiri ara rẹ̀, irin sì ń yọjú láàárín wọn. Wọ́n dà bí ojú ẹja tó ń wò wá. N kò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá mi fi ìka ra apá kan irin tí kò tíì kùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì wo ìsàlẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá ìyá mi, wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń yan ẹja, èéfín ń gòkè bọ̀ bó ti ń gòkè láti ọdún pípẹ́ wá. "Òróró ẹja ni," bàbá mi wí. "Ó ti wọ irin lára. Kò sí ọ̀dà tó máa dúró lórí òróró."

Ìyá Àgbà gbọ́. Ó pariwo sókè, "Ṣé èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́ ni?"

Bàbá mi tẹ̀ ba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí bákónì. "Rárá o, Màámi. Èmi ni mo ṣìṣe. Ó yẹ kí n gbóòórùn irin náà kí n tó fọ́n nǹkan sí i." Ó fi àkísà àti tínà, omi olóòórùn líle tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ wá. Ó fọ irin náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, Ìyá Àgbà sì gbé ààrò rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú kíkùn sínú. Ọ̀dà pupa dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi jí láàárọ̀ kùtù, tó sáré fọ́n ọ̀dà àwọ̀ ewé lé e, ìkùukùu ṣì wà lójú ọ̀sà. Bó ti ń gbẹ ló ń funfun, ó ṣú bíi pé ẹnì kan bu eérú lù ú. Ọ̀rinrin ni. Bàbá mi jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń kọ́ mi níṣẹ́: pé kí oòrùn gbóná kí a tó fọ́n, pé kí ìbọn má sún mọ́ irin ju ìbú ọwọ́ kan lọ, pé bí ọwọ́ bá dúró lójú kan, ọ̀dà yóò ṣàn, pé kí a fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí a sì jẹ́ kó gbẹ kí a tó tún un fọ́n. Mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Ọmọ mi kan sọ fún mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé àwọn òde òní ní ọ̀dà nínú agolo tí èèyàn kàn ń fi ìka tẹ̀. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sí ara irin tí òróró wà, kó sì wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnu èmi ni ìyá mi fi ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀. "Sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀." Èmi yóò gòkè lọ sọ. "Sọ fún ìyá rẹ pé mo dúpẹ́." Èmi yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹja tútù ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ fún wa lójoojúmọ́, ẹ̀bà rẹ̀ á gbóná, èmi àti ìyá mi a jẹun nínú àwo kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mò ń sùn. Ó máa ń fi ọwọ́ wá mi lórí ẹní kó tó lè sùn. Nígbà míràn, mo máa ń rò pé ọmọ mìíràn ni ọwọ́ náà ń wá, ṣùgbọ́n bó bá ti kàn mí, yóò dúró.

Mo gbọ́ nígbà tí bàbá mi sọ fún Bàbá Àgbà pé òun ti fi sáńpépà fẹ́lẹ́ ra ibi tó funfun náà, òun ti tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe, pé bí òun bá fọ́n ọ̀dà tó kẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, iṣẹ́ parí. "A ó bá ọkọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ, Bàbá." Ọ̀rọ̀ náà mú ara mi tutù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá mi àti Bàbá Àgbà lọ kí ìrun Àyìlá, Ìyá Àgbà wà lọ́jà, ìyá mi dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Mo lọ sí ìdí ààrò lẹ́yìn ilé. Àwo kan wà níbẹ̀ tí òróró òbòkún máa ń kán sí. Mo ti gbogbo ìka mi bọ̀ ọ́. Mo gun àtẹ̀gùn ní ìpele kan-ìpele kan, ọwọ́ mi nà síwájú kó má baà kan ògiri, mo sì fi òróró náà pa irin bákónì láti ibi tí mo lè bẹ̀rẹ̀ sí dé ibi tí mo lè na ọwọ́ sí. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ọmọ gidi.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó tẹ pọ́ǹpù, ó fọ́n ọ̀dà àwọ̀ ewé láti òkè wá sísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ojú ẹja fi là. Pọ́ǹpù dákẹ́. Bàbá mi dúró, ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì. Ó pè mí.

"Ràfíátù, wá wo nǹkan. Òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Wo ibi tó dúró sí." Ó gbé ọwọ́ lé orí mi, ó sì tẹ́ ẹ gbọọrọ títí dé irin. Ibi tó bàjẹ́ náà ga díẹ̀ ju orí mi lọ, gẹ́gẹ́ bí ibi tí apá mi gùn dé. "Èéfín kì í wọn ara rẹ̀ báyìí. Mú ọwọ́ rẹ wá."

Mo nà án sí i. Ó gbóòórùn ìka mi. Mo bú sẹ́kún kó tó gbé imú kúrò.

"Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ parí," mo wí. "Tó bá parí, a máa lọ. Màmá ò ní bá wa lọ."

Mo ń dúró de ìgbájú. Bàbá mi lóṣòó níwájú mi, ojú rẹ̀ sì wá bá tèmi dọ́gba. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀. "Èmi náà ò fẹ́ kó parí," ó wí. "Ìjẹta ló yẹ kí n ti parí ẹ̀. Mo ń fà á ni. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ọ̀rinrin máa ń wà láàárọ̀ ni?"

Fèrèsé ìyá mi ṣí. Aṣọ tó fi dí àlàfo rẹ̀ jábọ́ sórí bákónì. "Kí lẹ wí?" ó béèrè. Bàbá mi dìde. Ó ní òun ní òun ń fà á. Ìyá mi di igi fèrèsé mú. "Ẹ mọ̀ pé òórùn yẹn ló..." Kò lè parí rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ohun tí o sọ nìyẹn," bàbá mi wí. "Nọ́ọ̀sì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé òun kọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan! Mo sọ ọ̀rọ̀ tó burú tó bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ kàn ń wò mí. Mo ń retí kí ẹ bínú. Mo ń retí kí ẹ tiẹ̀ lù mí pàápàá."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá ní irọ́ lo pa, á dà bíi pé iṣẹ́ mi ni mò ń gbèjà. Ọmọ mi ló kú, Ṣàbítìyú. Ọmọ tèmi náà ni."

Èmi kò mọ̀ pé ó yẹ kí ọmọdé dákẹ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Màmá, bàbá ti kó ọ̀dà kúrò nílé. Wọ́n pa àtíbàbà sí ọ̀nà Ìmọ́tà. Wọ́n máa ń wẹ̀ kí wọ́n tó wọlé." Ìyá mi wo èmi, ó wo bàbá mi. "Láti ìgbà wo?" "Ọ̀sẹ̀ tí o kúrò," bàbá mi wí. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà ló ké láti ìsàlẹ̀, níbi tó jókòó sí tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, "Ṣé irin mi ti gbẹ?" Ìyá mi kò pa fèrèsé dé mọ́ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mú aṣọ tó jábọ́.

Mo ti bi dókítà kan léèrè nígbà tí mo dàgbà, láìsọ fún un pé àbúrò mi ni. Ó ní ikọ́ àyà pa ọmọ púpọ̀ nígbà ọyẹ́ láyé ìgbà náà, nílé tí wọn kò ti mọ ọ̀dà rárá. Ó tún ní ọ̀dà ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ jòjòló máa fà símú. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde. Òbí mi méjèèjì kú láìmọ̀. Èmi náà yóò kú láìmọ̀. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ ojú fèrèsé yẹn, kí bàbá mi tó gòkè, ìyá mi ti wà lórí bákónì. Ó fi gèlè di imú, ó gbé ọpọ́n omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú kalẹ̀, ó ń fọ irin náà. Ó fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ, gbogbo kọ̀rọ̀ ibi tí irin ti lọ́. Bàbá mi gba àkísà kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì. Èmi wà láàárín. A ha ibi tó bàjẹ́, a nù ún, a jẹ́ kó gbẹ, a gbóòórùn rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, a tún ìpìlẹ̀ pupa rẹ̀ fọ́n. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí oòrùn gbóná, ìyá mi lọ jókòó sísàlẹ̀ lábẹ́ igi, bàbá mi sì fọ́n àwọ̀ ewé tó kẹ́yìn. Ó mú. Kò là, kò ṣàn, kò funfun. Nígbà tó gbẹ tán, a mú Bàbá Àgbà gòkè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa irin náà láti ìkángun kan dé èkejì, kò yára. Nígbà tó dé ìparí, ó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ó dán," ó wí. "Ó dán o, Làmídì."

Ìyá mi sìn wá dé etí omi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó di ẹja yíyan fún wa, ó tún ìró mi ró. Mo rò pé yóò wọ ọkọ̀. Títí wọ́n fi tú okùn ni mo ń rò bẹ́ẹ̀. Ó dúró sórí pákó èbúté, ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ dé ilé ire," ó sì kéré, ó ń kéré sí i, títí igi fi bò ó. Mo sunkún dé Èjìnrìn. Bàbá mi kò sọ fún mi pé yóò wá, nítorí kì í ṣèlérí ohun tí kò bá mọ̀. Ó kàn fi apá ká mi mọ́ra. Nílé, mo padà sí orí ẹní mi àti sí ìgbálẹ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀. Mo ń ka ọ̀sẹ̀, nígbà tó yá mo ṣì í kà, mo sì jáwọ́.

Ọ̀sán kan tí ilé ìwé ti parí, mo wà ní àtíbàbà lọ́nà Ìmọ́tà pẹ̀lú bàbá mi. Ó ń kun bẹ́ẹ̀dì onírin kan fún ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ọ̀dà funfun. Mo jókòó sórí òkúta lójú ọ̀nà, níbi tó ní kí n máa jókòó sí. Obìnrin kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ru ẹrù ńlá sórí, ó ń rìn bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Mo mọ ìrìn náà kí n tó mọ ojú. Mo pariwo, mo sáré. Ìyá mi gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lójú títì kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì já lù ú. Ó ní òun ti dé ilé, pé Ìyá Ìsàlẹ̀ fẹ́ kí òun jókòó jẹun, òun sì ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí ibi tí ọkọ òun ti ń ṣiṣẹ́. Ó wo àtíbàbà náà láti ìta, òrùlé rẹ̀, ìhà mẹ́rin rẹ̀ tí kò ní ògiri, atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá mi ti jáde. Ọ̀dà funfun kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ó na ọwọ́ síwájú, ó rántí, ó fà á sẹ́yìn, ó gbé e sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

"Ẹ má fọwọ́ yẹn kàn mí o," ìyá mi wí. "Aṣọ mi tuntun ni." Ó sì rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́.

Bàbá mi náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ nù ún. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà tó fọ́n sára bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ti ń ṣàn sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan nígbà tó rí ìyá mi. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó gbé e lé ojú bàbá mi, ó sì nù ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú sùúrù.